Ìyá Fọwọ́ àti Kókó Ẹ̀gbẹ́ Ojú Ẹja

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin yìí fi gé ẹja jẹun, bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá, kò sí èyí tó ń rí i lára tó ojú ẹja. Ẹni tó bá gbọ́ á ní irọ́ ni. Ẹni tí ojú ẹja ń kó nírìíra, kí ló ń wá nídìí tábìlì ìgẹja? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nìyẹn lọ́dún tó jáde ilé ẹ̀kọ́, òun náà ló sì gbà. Ó dúró sínú ṣẹ́ẹ̀dì gbọọrọ kan létí èbúté, níbi tí omi kì í ti í gbẹ nílẹ̀, tí ogójì obìnrin tò sọ́tùn-ún sósì, tí ẹja ń gba àárín wọn kọjá lórí bẹ́líìtì rọ́bà. Lọ́jọ́ kìíní gan-an ló ti kọ́ bó ṣe máa gé orí ẹja láìwo ojú rẹ̀. Á fi àtàǹpàkò bo ojú náà mọ́lẹ̀, á ti ọ̀bẹ bọ ẹ̀yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, á fà á lẹ́ẹ̀kan, orí á já sínú garawa. Ó tán. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹran, ẹran kì í sì í wo èèyàn.

Ìyá Fọwọ́ ni gbogbo ṣẹ́ẹ̀dì ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ lórúkọ, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin á ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kó tó kí ìyá rẹ̀ tán: "Fọwọ́." Ọkọ rẹ̀, tó ń tún aago ṣe ní ìsọ̀ kékeré kan lójú títì, á wọlé tòun ti ebi: "Ẹ fọwọ́ ná." Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ na ọwọ́ láti kí i káàbọ̀, ọwọ́ ọ̀hún ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó wo ojú ẹni tó ni ín. Ó ń jiyàn rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ní òun wà níbẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò lè sọ fún pé kó fọwọ́ ni ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wọn. Màmá arúgbó yìí fẹ́ràn ojú ẹja ju ẹja fúnra rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti gbé orí ẹja síwájú rẹ̀, á fi ìka tú ojú náà jáde, á jù ú sẹ́nu, á máa fà á mu pẹ̀lú ariwo, kó tó tu hóró funfun inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ìyá Fọwọ́ ló máa kó hóró wọ̀nyẹn dànù. Á fi bébà gbé wọn, á yíjú sí ògiri.

"Ìyàwó mi," Màmá á ní, "ibi tó dùn jù lára ẹja lò ń sá fún yẹn."

"Màmá, ẹ máa gbádùn ẹ̀," òun á dáhùn, á sì gbé àwo tirẹ̀ lọ jẹ ní ilé ìdáná.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn ọkọ̀ apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ju àwọ̀n sísàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ẹja òkè ti ń dínkù. Ohun tí wọ́n ń fà bọ̀ ò jọ ohun tí èèyàn ń jẹ. Ẹja dúdú bí ìdí ìkòkò, eyín rẹ̀ bí abẹ́rẹ́, ẹran rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ bí ohun tí ẹnì kan ti jẹ tán tó sì pọ̀ padà. Kò sí oníbàárà tó fẹ́ ẹ. Ilé iṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ni wọ́n ń kó o lọ, àwọn obìnrin ṣẹ́ẹ̀dì sì ń dúpẹ́ pé kò dé orí tábìlì àwọn.

Ìgbà náà ni Dókítà dé. Kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà lórí òkè lẹ́yìn èbúté, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kì í bára mu. Ojú ẹja ìsàlẹ̀ òkun ló kà gboyè. Ó wá bẹ ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀dì pé òun ń wá ọwọ́ tó lè yọ ojú ẹja lódindi, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ń fọ́ ọ bí ẹyin. Wọ́n kó ẹja mẹ́wàá sílẹ̀, obìnrin márùn-ún dán an wò. Ojú ń bẹ́, omi rẹ̀ ń ta sí wọn láyà. Nígbà tó kan Ìyá Fọwọ́, ó yọ ojú méjèèjì kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó gbé wọn sínú àwo, ó sì yára gba ìdí omi lọ.

"Ta ló kọ́ yín?" Dókítà bi í.

"Ẹnì kankan ò kọ́ mi. Mo kàn fẹ́ kó tètè kúrò lọ́wọ́ mi ni."

Dókítà ní kó wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ kọ̀. Ohun tó mú kó gbà ni ẹ̀rọ omi. Wọ́n mú un lọ wo yàrá iṣẹ́ náà lókè. Táìlì funfun ni ògiri rẹ̀ láti ilẹ̀ dókè, irin dídán ni tábìlì rẹ̀, ní igun kan sì ni ẹ̀rọ omi kan wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, tí omi gbígbóná á tú jáde láìjẹ́ pé ọwọ́ ìdọ̀tí kan nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Àṣé eré ni ojú ẹja ti ṣẹ́ẹ̀dì. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí ojú gba ìdajì orí rẹ̀, kò sí funfun nínú rẹ̀ rárá, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọmọ ojú, ó dúdú, ó jìn, bí ẹnu kànga. Òmíràn, ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ rí roboto; ó gùn bí ìdérí bírò, ó yọ sókè láàárín orí. Òmíràn, ìlẹ̀kẹ̀ inú ojú rẹ̀, hóró tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, pọ́n bí ìtọ̀ ẹni tí ibà ń ṣe. Òmíràn tún ní ibi pupa kan lábẹ́ ojú, bí egbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí èépá rẹ̀. Gbogbo wọn ni ikun bò. Bó bá gbé ojú náà kúrò nínú agbárí, ikun á fà tẹ̀ lé e gbọọrọ, kò ní tètè já, á máa mì láàárín ọ̀bẹ àti orí ẹja. Lọ́sẹ̀ kìíní, oúnjẹ ọ̀sán tó ń gbé láti ilé, bó ṣe gbé e lọ ló ń gbé e bọ̀.

Dókítà ní tirẹ̀, bí ẹni rí wúrà ni. Á fi ẹ̀mú kékeré gbé ojú ẹja sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, á sún un mọ́ imú Ìyá Fọwọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ wò ó, Ìyá. Ibi tí èyí ń gbé, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ò dé ibẹ̀, àfi fírífírí kan tó ń ti òkè bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi kọ sókè. Bí ẹja míì bá gba orí rẹ̀ kọjá, òjìji rẹ̀ ló máa rí, á sì gbé e mì."

"Ó kúkú lè gbé orí sókè bí èèyàn," Ìyá Fọwọ́ ní.

"Kò lọ́rùn."

Ó ronú sí i. Lóòótọ́, kò lọ́rùn.

Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbọ́ wọn bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ó béèrè. Ó gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ẹja ìsàlẹ̀ ló ń tan iná sí abẹ́ ikùn ara wọn kí òjìji wọn má baà hàn, àti pé ìlẹ̀kẹ̀ pípọ́n yẹn ló ń jẹ́ kí ẹja tó ni ín lè mọ iná ẹ̀tàn yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ tòótọ́. Ó gbọ́ pé ibi pupa abẹ́ ojú yẹn, àtùpà ni, pé iná pupa ló ń tàn, àwọn ẹja yòókù nísàlẹ̀ ò sì lè rí pupa.

"Òun nìkan ló ń rí iná tó tàn," Dókítà ní. "Á tàn án sí wọn lára, wọn ò ní mọ̀."

"Olè ni nígbà yẹn."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Ìyá Fọwọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tí ojú kọ̀ọ̀kan wà fún, bó bá sì ti mọ̀ ọ́n tán, á tún rí i lára bíi ti tẹ́lẹ̀. Òye ò ṣẹ́gun ìríra.

Oṣù mẹ́wàá kọjá báyìí. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ kan kó ẹja mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá, irú kan náà, tí Dókítà ti ń wá láti ọdún méjì. Ẹja náà ò ju ọwọ́ èèyàn lọ ní gígùn, ara rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀, èèyàn ń rí ìfun rẹ̀ láti ìta. Ojú rẹ̀ méjèèjì dúró sókè bí òpó kékeré. Ìyẹn kọ́ ló burú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan ni kókó dúdú kan wà tó kọjú sísàlẹ̀, ó wú, ó ń dán, bí eégbọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ ajá yó. Nígbà tí Ìyá Fọwọ́ kọ́kọ́ rí i, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó lọ dúró lẹ́nu fèrèsé, ó ń mí sínú, ó ń mí síta.

Àrùn ló pè é. Ní ṣẹ́ẹ̀dì, bí ẹja bá ní kókó, wọ́n á gé kókó náà jù nù kí oníbàárà má baà rí i. Ó tún wá jẹ́ pé Dókítà ti sọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó sáré jáde lọ síbi ìpàdé kan: "Ìyá, ẹ bá mi yọ ojú yẹn kó mọ́ tónítóní. Òpó yẹn nìkan ni mo fẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹran kankan so mọ́ ọn." Ó gbọ́ ọ bó ṣe sọ ọ́, ó sì ṣe é bó ṣe gbọ́ ọ. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi gé e, ẹja méjì tàbí mẹ́ta lójúmọ́. Á kọ́kọ́ fá kókó náà kúrò, á fi bébà gbé e láìjẹ́ kó kan ìbọ̀wọ́ rẹ̀, á jù ú sínú ọ̀rá. Nírọ̀lẹ́, á so ọ̀rá náà lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, á lọ jù ú sínú àgbá ike ńlá tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí ẹja sí. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ọkọ̀ ìdọ̀tí ń wá dà á. Àwọn ojú tó ti mọ́ á wọ inú ìgò, nọ́ńbà á wà lára wọn, Dókítà á fi wọ́n sábẹ́ awò ńlá tó ń sọ ohun bíńtín di gbàǹgbà.

"Òkè nìkan lẹja yìí ń wò," Dókítà ń sọ kiri. "Kò rí ẹ̀gbẹ́, kò rí ìsàlẹ̀." Ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìwé àwọn onímọ̀.

Lórí ẹja tó kẹ́yìn ni ọ̀bẹ ti yọ̀. Dípò kó fá kókó náà, ọ̀bẹ là á láàárín. Ìyá Fọwọ́ ti fún imú pọ̀, ó ń retí kí ọyún tú jáde. Ọyún ò tú. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ló wọ inú kókó náà, tó sì padà ta á lójú, fòò, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi jígí ta oòrùn síni lójú láti ọ̀ọ́kán.

Ó fà sẹ́yìn. Ó tún sún mọ́ ọn. Ọkọ rẹ̀ ti fún un ní awò kékeré kan tí àwọn tó ń tún aago ṣe máa ń há mọ́ ojú, torí ojú Ìyá Fọwọ́ náà ti ń gbó. Ó há a mọ́ ojú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú kókó náà ni ògiri kan wà tó tẹ̀ bí inú ṣíbí, ó ń dán bíi fàdákà, ègé wẹ́wẹ́ lórí ègé wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó bí ìgbà tí èèyàn fara balẹ̀ kan páànù òrùlé. Lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀ ni awọ dúdú kan wà. Ojú ẹja tí obìnrin yìí ti là ti kọjá ẹgbẹ̀rún, ó mọ awọ yẹn dáadáa. Awọ ẹ̀yìn ojú ni, èyí tí ń gba ìmọ́lẹ̀.

Àrùn kì í to ara rẹ̀ báyìí. Ojú ni. Ojú kejì tó ń wo ìsàlẹ̀ ló ti fi ọjọ́ mọ́kànlá gé jù sínú àgbá.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tẹ ẹ̀rọ omi, ó fọwọ́, ó tún fọwọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kì í ṣe ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń rí i lára. Ọwọ́ náà gan-an ni. Ó fi kókó tó là náà sínú ìgò, ó tì í sẹ́yìn àwọn ìgò yòókù, kò sì sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ méjì ló fi dákẹ́. Dókítà ń wọlé, ó ń jáde, ó ń sọ pé òkè nìkan lẹja yìí ń wò, Ìyá Fọwọ́ sì ń dáhùn pé, "Ẹ ṣeun," sí ohun tí kò béèrè ọpẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ rí i pé ife kan náà ló ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ìyá ọmọ mi, kí ló dé?"

Ó sọ fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó ń na ife náà sí ìmọ́lẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ fara balẹ̀ gbọ́ tán.

"Bí mo bá tú aago oníbàárà," ọkọ rẹ̀ ní, "tí mo wá rí irin kan nínú ẹ̀ tí mi ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ṣé mo máa jù ú nù?"

"Ẹ ò ní jù ú nù."

"Bí mo bá wá jù ú nù ńkọ́?"

Ìyá Fọwọ́ tún ki ife náà bọ omi.

"Màá lọ bá ẹni tó ni aago," ọkọ rẹ̀ ní. "Ojú á tì mí, ṣùgbọ́n màá lọ."

Màmá ti gbọ́ ohùn wọn láti yàrá ẹ̀yìn. "Ojú mẹ́rin lórí ẹja kan ṣoṣo?" ó ní. "Ìyàwó mi, mú ọ̀kan bọ̀ lọ́la ká tọ́ ọ wò."

Ìyá Fọwọ́ gbé ife sílẹ̀, ó sì jáde lọ gba afẹ́fẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí Dókítà tó bọ́ báàgì léjìká, Ìyá Fọwọ́ ti gbé ìgò náà síwájú rẹ̀. "Ẹ wo èyí," ó ní. Dókítà fi í sábẹ́ awò ńlá. Ó wò ó pẹ́. Ó wá gbé orí sókè.

"Jígí ni," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ojú ẹja yòókù, ìlẹ̀kẹ̀ inú wọn ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Jígí ni eléyìí fi ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sára awọ tó ń ríran. Òun ló fi ń wo iná àwọn ẹja tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n ti rí irú ẹ̀ lára ẹja kan níbòmíì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rò ó sí èyí." Ó wo inú awò lẹ́ẹ̀kan sí i. "Àwọn tó kù dà?"

"Mo ti gé wọn dànù."

"Mélòó?"

"Gbogbo ẹ̀. Mo rò pé àrùn ni."

Ìyá Fọwọ́ ń retí kó pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Dókítà jókòó sórí àga, ó ń wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. "Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó mọ́ tónítóní," ó ní.

Ọkọ̀ ìdọ̀tí ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá Fọwọ́ wo aago, ó wọ ìbọ̀wọ́ tó gùn dé ìgúnpá, ó so épírọ́ọ̀nù méjì pọ̀, ó jáde lọ sẹ́yìn ilé.

Àgbá náà ti wà nínú oòrùn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó ṣí ìdérí rẹ̀, òórùn náà ò kọ́kọ́ dà bí òórùn. Bí ìgbájú ló ṣe rí. Eṣinṣin gbéra pọ̀ lójú kan, wọ́n bà lé e létè. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti kúrò ní ẹja. Ó ti di ẹrẹ̀ eléérú, ó ń hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sì sí iná lábẹ́ rẹ̀. Ìdin ń wọ́ lójú rẹ̀ gbirigbiri bí ìrẹsì tó ń hó. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyẹn ló burú jù fún un, bó ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí inú ẹnu.

Dókítà bọ́ kóòtù, ó ní òun náà á ràn án lọ́wọ́. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó yí sẹ́yìn ògiri, ó bì gbogbo ohun tó jẹ láàárọ̀.

"Ẹ gbé àwo dání," Ìyá Fọwọ́ sọ fún un. "Àwo nìkan. Ẹ má wò ó."

Ó ń fi ìka wá ọ̀rá tó so lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Ìfun á wé mọ́ ọn lọ́wọ́, á já a. Omi ẹrẹ̀ wọ inú ìbọ̀wọ́ òsì rẹ̀, ó ń ṣàn lọ sí àárín ìka, kò sì lè dúró bọ́ ọ. Èébì dé ọ̀fun rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin, ó gbé e mì padà ní ìgbà mẹ́rin, torí bó bá bì sínú àgbá, yóò tún dàrú sí i. Ọ̀rá kìíní jáde, ìkejì jáde. Méjì ti bẹ́, ohun inú wọn ti dà pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀, kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí i. Nígbà tí awakọ̀ ìdọ̀tí fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rá mẹ́sàn-án ló wà nínú àwo. Awakọ̀ náà sọ̀kalẹ̀, ó wo obìnrin tí ìdin ń rìn lápá, ó wo ọkùnrin tí ojú rẹ̀ ti di funfun, ó ní òun lè lọ yí ká kóun tó padà wá. Wọ́n ní kó má ṣèyọnu.

Wọ́n tú ọ̀rá náà lórí irin dídán, wọ́n ń fi omi ṣàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí kókó méjìdínlógójì. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, awọ tó ń ríran ti jẹrà dànù, ṣùgbọ́n jígí inú wọn ò jẹrà. Nínú gbogbo ìdọ̀tí yẹn, mọ́kàndínlógún ṣì ń dán. Mẹ́rin péré, tó jẹ́ ti ọjọ́ tó kẹ́yìn, ni awọ rẹ̀ ṣì wà.

Ìyá Fọwọ́ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó kúrò níbẹ̀, ó tún wẹ̀ nílé. Òórùn náà ò lọ. Ó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ó wà nínú irun imú rẹ̀. Lórí oúnjẹ alẹ́, Màmá, tí kì í fọwọ́ rí, gbé àga rẹ̀ jìnnà díẹ̀.

"Ìyàwó mi," ó ní, "má bínú o, ṣé o ti fọwọ́?"

Ọkọ rẹ̀ ń wo inú àwo kó má baà rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Fọwọ́ fi jẹ búrẹ́dì gbígbẹ nìkan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Dókítà pè é jókòó, ó ní òun fẹ́ ka ohun tóun kọ fún un. Ó ń kà á, ó ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, títí tó fi dé ibì kan tó ní: "A dìídì gé kókó náà kúrò lára ojú, ká lè yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀."

"Ẹ dúró ná," Ìyá Fọwọ́ ní. "Ta ló dìídì gé e?"

"Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, Ìyá. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wò yín."

"Àti ẹ̀yin náà."

Dókítà yí bébà náà lọ yí i bọ̀. "Àti èmi náà," ó ní.

Ohun tó ṣe Ìyá Fọwọ́ nígbà náà, ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀nà ilé. Ìríra àtijọ́ yẹn ni. Gbólóhùn kan tó mọ́ tónítóní báyìí, tó ń dán, ó rí i lára ju ohun tó wà nínú àgbá lọ. Ìdọ̀tí àgbá ò kúkú sọ pé òun kì í ṣe ìdọ̀tí.

"Dókítà, inú àgbá ni mo ti kó o," ó ní. "Ìdin wà lára ẹ̀. Mo gé e torí ó rí mi lára, mi ò sì béèrè. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Wọn ò ní gbà á."

"Kí wọ́n má gbà á. Ẹlòmíì lè ka irọ́ yẹn, kó gbé ọ̀bẹ, kó wá dìídì gé tiẹ̀ náà."

Dókítà kó bébà rẹ̀ jọ, ó jáde, kò sọ pé ó dàbọ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó tún un kọ. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ìwé àwọn onímọ̀. Wọn ò gbà á lóòótọ́. Wọ́n fèsì pé ohun tí Dókítà rí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ohun tó fi hàn ti jẹrà jù, kó lọ wá ẹja tútù tí orí rẹ̀ pé.

Ìgbà yẹn ò dùn. Oṣù mẹ́rin gbáko, orí ni Dókítà fi ń kí i, kò gbé ojú ẹja kankan sí fèrèsé mọ́. Ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́ pé àyè Ìyá Fọwọ́ ṣì wà nídìí bẹ́líìtì. Ó rò ó. Nídìí ìgẹja ní ṣẹ́ẹ̀dì, wọn kì í wo ojú. Ṣùgbọ́n bó bá rántí pé iṣẹ́ òun ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ Dókítà láìparí, pẹ̀lú ìdọ̀tí tóun fúnra òun dá sílẹ̀, kì í lè dìde. Kò tíì fi tábìlì sílẹ̀ láìnù rí.

Lọ́dún kejì, ọkọ̀ náà tún kó mẹ́rìnlá wá. Lọ́tẹ̀ yìí, odindi orí ló ń gé, kókó àti òpó pọ̀, ó ń fi ẹ̀mú di kókó náà mú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó má baà là. Ó ṣì dà bí eégbọn. Ìmọ̀ pé ojú ni ò jẹ́ kó sàn, ó tilẹ̀ burú sí i, torí ó wá mọ̀ báyìí pé ohun tí òun ń wò yẹn, ohun tí wọ́n dá láti máa wo nǹkan ni. Mẹ́rìnlá wọ inú ìgò, mẹ́rìnlá pé.

Wọ́n gbà á. Dókítà fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà wá sílé, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì béèrè ibi tóun ti lè fọwọ́. Orúkọ Ìyá Fọwọ́ wà nínú rẹ̀, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, tí ẹnì kan ò pè é mọ́ láti ìgbà tó ti wọ ṣẹ́ẹ̀dì. Ọkọ rẹ̀ há awò mọ́ ojú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì fún Màmá. Ṣùgbọ́n ìlà mìíràn ni obìnrin náà ń wá. Dókítà fi ìka hàn án nísàlẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní: pé wọ́n kọ́kọ́ gé kókó náà dànù nítorí wọ́n rò pé àrùn ni, pé inú àgbá ìdọ̀tí ni wọ́n ti kó àwọn kan padà. Ìyá Fọwọ́ ní kó tún ibẹ̀ túmọ̀ fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì ló ń kọ́ ní ọ̀bẹ báyìí, wọ́n bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Lóṣù tó kọjá, Dókítà wọlé pẹ̀lú àwo kan tó fi aṣọ bò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ìyá, mo ti rí èyí tó máa tẹ́ yín lọ́rùn." Ó ṣí i. Ẹja kan ni, tí kò ní ojú rárá. Ibi tó yẹ kí ojú wà, awọ ti bò ó, ó rọ̀, ó funfun báláú, ó kó sínú díẹ̀.

Ara Ìyá Fọwọ́ bù máṣọ láti ọrùn dé ẹsẹ̀.

"Èyí ló tiẹ̀ burú jù," ó ní.

Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fa àga sún mọ́ tábìlì. Kó tó gbé ọ̀bẹ, ó bi Dókítà léèrè ohun tó lè wà lábẹ́ awọ yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjèèjì sì dúró dè é kó dáhùn.